Pípààrọ̀ Ẹ́ńjìnnì Alùpùpù Àtijọ́ Nínú Àgbàlá Ilé

Ẹni tí ó bá ti gun alùpùpù àtijọ́ láti Ìtawúrẹ́ lọ sí Ẹ̀fọ̀n Aláàyè rí mọ bí òkè ti í bá ẹ̀rọ wí. Bí ó bá jẹ́ Honda C70 ni ó gùn, tí aya rẹ̀ jókòó sẹ́yìn, tàbí tí ó di àpò gaàrí mọ́ ọn, kò ní tíì gòkè dé ìdajì tí yóò fi bọ́ sí jíà kejì, kò sì ní pẹ́ lẹ́yìn náà tí yóò fi padà sí jíà kìíní. Ẹ̀rọ yóò máa kérora, ọkọ̀ akẹ́rù yóò sì máa fọn fèrè lẹ́yìn rẹ̀ pé kí ó yà. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni èrò kan máa ń wá sí ọkàn ẹni tí ó gùn ún, pé bí a bá yọ ẹ́ńjìnnì kékeré yìí kúrò, tí a sì fi èyí tí ó tóbi jù ú lọ sí ipò rẹ̀, òkè Ẹ̀fọ̀n yóò di ilẹ̀ títẹ́.

Èrò náà kì í ṣe èrò òmùgọ̀. Iṣẹ́ tí ènìyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nínú àgbàlá ilé ni, bí ó bá ní sùúrù àti sípánà tí ó péye. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti ṣe é, ní orílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ní àwọn ilẹ̀ Éṣíà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó gòkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n náà ni ó sọ̀kalẹ̀ láti Ẹ̀fọ̀n. Ẹ́ńjìnnì titun ni yóò gbé ènìyàn gòkè. Bíréèkì àtijọ́ ni yóò mú un sọ̀kalẹ̀. Nítorí èyí ni ẹ̀kọ́ yìí kò fi ní dúró lórí ẹ́ńjìnnì nìkan.

Alùpùpù tí a fi ṣe àpẹẹrẹ níhìn-ín jẹ́ ọ̀kan nínú ìdílé tí àwọn ará Japan ń pè ní Super Cub. Ọ̀gbẹ́ni Soichiro Honda àti ẹnìkejì rẹ̀ nínú iṣẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Takeo Fujisawa, ni ó gbé àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1958. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nígbà náà jẹ́ 49 c.c. Àwọn méjèèjì fẹ́ kí ọmọ tí ń gbé oúnjẹ kiri ìgboro lè fi ọwọ́ kan wà á, kí ó sì fi ọwọ́ kejì gbé àwo oúnjẹ. Ìdí nìyí tí kò fi ní kúlọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, tí ó jẹ́ pé ẹsẹ̀ nìkan ni a fi ń yí jíà rẹ̀. Láàrin àwọn ọdún 1960 ni wọ́n tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe, láti ara èyí sì ni C50, C70 àti C90 ti jáde. Nígbà tí ó fi di oṣù kẹwàá ọdún 2017, iye Super Cub tí a ti ṣe ní gbogbo àgbáyé ti pé ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Ilé iṣẹ́ Honda ní Nàìjíríà, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1979, wà ní Ọ̀tà, àwọn alùpùpù ilé iṣẹ́ yìí kò sì ṣàjèjì sí olùkọ́, agbẹ̀bí tàbí àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá. Púpọ̀ nínú àwọn C70 náà ṣì wà lẹ́yìn ilé, lábẹ́ páànù, tí adìyẹ ń yé sí abẹ́ wọn.

Ohun tí ó mú kí irú alùpùpù yìí rọrùn fún iṣẹ́ náà ni pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dùbúlẹ̀ gbọọrọ, ó kọ orí síwájú, bóòtù gígùn méjì péré sì ni ó gbé e kọ́ sára férémù. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ní Ṣáínà, pàápàá ní ìlú Chongqing, ti ń rọ ẹ́ńjìnnì tí ó dùbúlẹ̀ bákan náà, tí ihò bóòtù méjèèjì rẹ̀ sì jìnnà sí ara wọn bí ti Honda, ṣùgbọ́n tí agbára rẹ̀ jù ú lọ. Ojú àwo ni àwo fi ń gba ọbẹ̀. Ojú ihò méjì yìí ni C70 fi ń gba ẹ́ńjìnnì titun.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ìtumọ̀ c.c. tí àwọn ọlọ́jà ń fi ẹnu pè. Inú sílíńdà rí bí inú agolo, písítọ̀nù ni ó sì ń lọ, tí ó ń bọ̀ nínú rẹ̀. Kí a fi sẹ̀ǹtímítà wọn ìbú agolo náà. Kí a fi ìbú yìí sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí a fi 0.785 sọ èyí tí ó jáde di púpọ̀, lẹ́yìn náà kí a fi gígùn ìrìn písítọ̀nù sọ ọ́ di púpọ̀. C.c. ni èyí tí ó kù lọ́wọ́ wa. Ìbú ti C70 jẹ́ 4.7, ìrìn rẹ̀ sì jẹ́ 4.14, ẹni tí ó bá ṣe ìṣirò náà yóò rí nǹkan bí 72. Irú ẹ́ńjìnnì Ṣáínà kan tí a ń pè ní 125 ní ìbú 5.4 àti ìrìn 5.4, èyí sì fún wa ní nǹkan bí 124. Nígbà tí ti àtijọ́ bá fa ife mẹ́wàá afẹ́fẹ́ àti epo sínú, ti titun yóò fa ife mẹ́tàdínlógún. Láti ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ ti wá, láti ibẹ̀ náà sì ni owó epo yóò ti pọ̀ sí i. Ní ti èyí tí ọjà ń pè ní 110, ìbú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 5.24, ìrìn rẹ̀ 4.95, kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ṣe ìṣirò rẹ̀, yóò sì rí i pé kò pé 110.

Fún C70 tí ó ti gbó, 110 tó. Ó gun òkè dáadáa, kò sì fi gbogbo agbára fa egungun alùpùpù ya. Ẹni tí ó bá ń lé 125 kiri nítorí kí ojúgbà rẹ̀ lè gbọ́ ìró rẹ̀ ti kúrò nínú ọ̀ràn òkè Ẹ̀fọ̀n.

Nígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà, iye c.c. kọ́ ni ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a bèèrè. Kúlọ́ọ̀ṣì ni. Àwọn ẹ́ńjìnnì kan wà tí ó ń lo kúlọ́ọ̀ṣì ọwọ́, C70 kò sì ní ibi tí a ó fa wáyà rẹ̀ gbà. Èyí tí kúlọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó bá a mu. Jíà ni ó tẹ̀ lé e. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, bí a bá wà ní jíà kẹrin tí a tún tẹ ẹsẹ̀ lé e, kò ní dúró síbẹ̀, ṣe ni yóò yí po padà sí òfìfo, bí a bá sì tún tẹ̀ ẹ́, ó di jíà kìíní. Ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí lórí eré, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ yóò há lójijì, yóò sì bá ara rẹ̀ ní ilẹ̀. Kí a tẹ̀ ẹ́ wò lórí tábìlì ọlọ́jà kí a tó sanwó. Bí ẹ́ńjìnnì bá ní ẹ̀rọ ìṣáná oníbátìrì lórí, kí a wọn ibi tí yóò wọ̀ sí lábẹ́ férémù, nítorí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó gba abẹ́ C70 kọjá. Kí a má sì ra ẹ́ńjìnnì kankan láìgba rìsíìtì tí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà lórí rẹ̀. Ìdí rẹ̀ yóò hàn níwájú.

Kí a wá gbà pé olùkọ́ kan ní abúlé kan lẹ́bàá ọ̀nà yẹn jogún C70 bàbá rẹ̀, tí ó ti fi owó pamọ́ fún ẹ́ńjìnnì 110, tí ó sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà nígbà ìsinmi. Kí ó tó náwó kan, férémù ni yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Páànù irin tí a tẹ̀ pọ̀, tí a sì jó pọ̀, ni a fi ṣe férémù yìí, kì í ṣe páìpù nípọn. Ìpẹtà a máa jẹ ẹ́ láti inú wá, níbi tí bátìrì ń jókòó sí, àti níbi tí apá tí ó di táyà ẹ̀yìn mú ti so mọ́ ọn. Kí olùkọ́ náà fi èèkù ọ̀bẹ kan ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibi tí irin bá dára yóò dún, ibi tí ìpẹtà bá ti jẹ yóò dákẹ́. Kí ó nu ojú ihò bóòtù méjèèjì mọ́ títí yóò fi rí irin funfun, kí ó wò ó bóyá ó ti ya tàbí ó ti di gbàgàdà. Bí ó bá ti ya, ọ̀dọ̀ ajórin ni ó ń lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ọlọ́jà ẹ́ńjìnnì.

Yíyọ ẹ́ńjìnnì kúrò kò le. Kí ó fa epo inú táńkì sínú kẹ́ẹ̀gì tí ó ní ìdérí ní ìta gbangba, kí ó jìnnà sí iná ìdáná àti sí jẹnẹrétọ̀, kí àwọn ọmọdé sì jìnnà sí i. Kí ó yọ ọ́ìlì. Kí ó tú wáyà orí bátìrì kí ó tó fọwọ́ kan wáyà mìíràn. Lẹ́yìn náà ni yóò tú ike tí ó bo ẹsẹ̀ níwájú, sàlẹ́ńsà, ìtẹ̀sẹ̀ tí bóòtù mẹ́rin dì mọ́ abẹ́ ẹ́ńjìnnì, ṣéènì, kábúrétọ̀ àti àwọn wáyà iná. Kí ó máa so bébà kékeré mọ́ wáyà kọ̀ọ̀kan kí ó sì kọ ibi tí ó ti wá sí i. Ẹni tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé orí ara rẹ̀ yóò kábàámọ̀ ní ọjọ́ kejì. Nígbà tí ó bá ku bóòtù méjì yẹn, kí ó ti àpótí igi kan sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, kí ó wá fa bóòtù yọ. Ẹ́ńjìnnì yóò jókòó lórí àpótí, alùpùpù yóò sì dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Bí èyí tí a yọ ti jáde ni èyí tí a rà yóò wọlé, ṣùgbọ́n ibi kéékèèké mélòó kan wà tí àwọn méjèèjì kì í ti í bára mu. Àkọ́kọ́ ni ṣéènì. Nọ́ńbà wà lára ṣéènì, ó lè jẹ́ 420, ó lè jẹ́ 428. Nọ́ńbà kan náà ni kẹ̀kẹ́ eléyín ti iwájú, ti ẹ̀yìn, àti ṣéènì gbọdọ̀ jẹ́. Kí a fi igi gígùn tí ó tọ́ wò ó bóyá kẹ̀kẹ́ eléyín méjèèjì wà lójú ìlà kan, nítorí ṣéènì tí ó bá wọ́ yóò jẹ eyín, yóò sì já ní ọjọ́ kan. Kí ó rọ̀ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà méjì ní àárín.

Iye eyín pẹ̀lú ní ọgbọ́n tirẹ̀. Bí ti iwájú bá ní eyín 14, tí ti ẹ̀yìn sì ní 42, kẹ̀kẹ́ iwájú yóò yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá fi 15 sí iwájú, ó di lẹ́ẹ̀méjì àti ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Táyà yóò sáré sí i, ẹ̀rọ kò ní pariwo tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n agbára ìgòkè yóò dín díẹ̀. Ẹni tí ó ń gbé ní ìlú títẹ́ bí Ọ̀yọ́ lè fẹ́ 15. Olùkọ́ tiwa, nítorí òkè rẹ̀, kí ó fi í sílẹ̀ ní 14.

Kábúrétọ̀ titun sábà máa ń tóbi ju ti àtijọ́ lọ, ọrùn rẹ̀ sì lè máà wọ inú ibi tí fílítà C70 ti ń fún un ní afẹ́fẹ́. Àwọn kan á kàn ju fílítà nù. Ní ilẹ̀ tí ọ̀yẹ́ ti ń fẹ́ ekuru pupa fún oṣù mẹ́ta lọ́dún, ẹni tí ó bá ju fílítà nù ń fi iyanrìn fọ inú sílíńdà rẹ̀. Kí a wá rọ́bà tí yóò so méjèèjì pọ̀, àní bí yóò bá gba ìrìn àjò kan lọ sí Ìbàdàn. Kí ojú ibi tí kábúrétọ̀ ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì má sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí afẹ́fẹ́ tí ó bá gba ibẹ̀ wọlé a máa mú kí epo kéré, kí iná inú sílíńdà sì gbóná rékọjá.

Ọ̀ràn iná ni ó ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn jókòó sílẹ̀, tí wọ́n ń fi ọwọ́ lérán. Àwọn C70 ọdún 1970 sí 1979 ń lo iná fóòtì 6, kọ́ńtáàkì sì ni ó ń dá iná fún púlọ́ọ̀gì. Ẹ́ńjìnnì titun ń lo fóòtì 12, àpótí kékeré kan tí a ń pè ní CDI sì ni ó gba iṣẹ́ kọ́ńtáàkì. Kò sí bí a ti lè so wọ́n pọ̀ bí wọ́n ti wà. Bátìrì, gílóòbù iwájú àti ti ẹ̀yìn, fèrè, àti ẹ̀rọ tí ń mú iná ìyànà ṣẹ́jú, gbogbo wọn ni a óò pààrọ̀ sí 12, a ó sì fi regulator kún un, èyí tí ń mú kí iná má pọ̀ jù fún bátìrì. Gílóòbù fóòtì 6 tí a bá fi fóòtì 12 sí yóò fẹ́ gba agbára ìlọ́po mẹ́rin. Yóò tàn bí oòrùn fún ìṣẹ́jú akàn, yóò sì kú. Kí a má sì gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ wáyà, nítorí àwọ̀ tí ilé iṣẹ́ kan fi ṣe àmì kò dè èkejì. Ìwé àwòrán tí ó bá ẹ́ńjìnnì wá ni kí a tẹ̀ lé. Wáyà ilẹ̀ pẹ̀lú, kí a ha ọ̀dà kúrò níbi tí a ó ti dì í mọ́ férémù. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí a ti fi bú ọlọ́jà, ọ̀dà abẹ́ wáyà ilẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó ṣáná.

Nígbà tí ó bá dé ibí yìí, tí ẹ̀rọ ti ń dún, ọkàn ènìyàn á máa yára. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Kí a fi ojú inú wo olùkọ́ náà tí ó ti fi alùpùpù rẹ̀ lọ han bàbá àgbàlagbà kan tí ó ti tún alùpùpù ṣe fún ogójì ọdún ní ìdí igi òdòdó kan lẹ́bàá títì.

"Bàbá, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀," ni olùkọ́ wí. "Mo fẹ́ gbé e lọ sí Ẹ̀fọ̀n lọ́la."

Bàbá kò wo ẹ́ńjìnnì náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ táyà iwájú, ó tẹ bíréèkì, ó sì fi ọwọ́ kejì yí táyà. Táyà náà ń yí.

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́," ni bàbá dáhùn. "Mo gbọ́ bí ẹ ó ti lọ. Ẹ wá sọ fún mi bí ẹ ó ti dúró."

Ìṣirò náà nìyí. Agbára tí ó wà nínú ohun tí ń sáré kì í pọ̀ bí eré ṣe pọ̀ lásán. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára náà di ìlọ́po mẹ́rin. Láti kílómítà 60 sí 90 ní wákàtí kan, eré fi ìdajì lé, ṣùgbọ́n ohun tí bíréèkì gbọdọ̀ pa di ìlọ́po méjì àti ìdá mẹ́rin. Bí mítà 24 bá tó láti dúró ní 60 lẹ́yìn tí a ti tẹ bíréèkì, mítà 54 ni bíréèkì kan náà yóò gbà ní 90. Kí a tó tẹ̀ ẹ́ rárá ńkọ́? Ẹni tí ó wà lórí 90 ń rìn mítà 25 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Ewúrẹ́ tí ó já lu títì kò ní dúró dè é, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kò sì ní dúró dè é.

Bíréèkì C70 jẹ́ ti inú agbada: ṣúù méjì ni ó ń ṣí nínú agbada irin tí ó sì ń fún un mọ́ra. Ilé iṣẹ́ ṣe é fún 72 c.c. Kí a tú táyà méjèèjì, kí a wo ara ṣúù. Bí èyí tí ń ha irin bá ti tín-ínrín tó mílímítà 2, kí a pààrọ̀ rẹ̀. Nínú ṣúù àtijọ́, asbẹ́sítọ́ọ̀sì lè wà, ekuru rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Kí a má ṣe fi ẹnu fẹ́ ẹ, aṣọ tí a rẹ sínú omi ni kí a fi nù ún, kí a sì sọ aṣọ náà nù. Bí agbada bá ti gún, tí ó ti di gọ̀ǹgọ̀, kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin. Kí a ra wáyà bíréèkì titun, nítorí èyí tí ó ti pẹ́ nínú ọ̀rá rẹ̀ a máa fà bí ìfun, apá kan agbára ọwọ́ á sì ṣòfò sínú rẹ̀. Apá kékeré tí wáyà ń fà lẹ́bàá táyà, kí a tò ó kí òun àti wáyà ṣe igun mẹ́rẹ́ẹ̀rin bí ti àpótí nígbà tí ṣúù bá kan irin; níbẹ̀ ni agbára ọwọ́ ti í pé jù.

Ohun kan wà tí ń tan ènìyàn jẹ lára ìran Cub àtijọ́. Nítorí bí a ti so apá iwájú rẹ̀, bí a bá tẹ bíréèkì iwájú, imú alùpùpù a gbé sókè, kò dà bí ti òde òní tí ó ń tẹrí ba. Àwọn mìíràn tìtorí èyí gbà pé bíréèkì iwájú kò dára, wọ́n sì fi ti ẹ̀yìn nìkan ṣe gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ti iwájú ni ó ń dá alùpùpù dúró jù, nítorí bí a ti ń dúró ni ìwúwo ń bọ́ síwájú.

Táyà pẹ̀lú kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí ó bá bàbá rẹ̀ lò. Lára táyà, nọ́ńbà mẹ́rin kan wà: bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni a ṣe é. Táyà tí kò ní irú nọ́ńbà mẹ́rin bẹ́ẹ̀, tàbí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti sán, kí a fi so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀.

Ní ti sísọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀, àǹfààní kan wà tí ẹ́ńjìnnì ńlá mú wá. Bí a bá fi jíà kékeré sọ̀kalẹ̀, tí a sì dẹ ọwọ́ epo, ẹ́ńjìnnì á máa fa alùpùpù sẹ́yìn, èyí tí ó tóbi sì ń fà ju èyí tí ó kéré lọ. Ìwà tí ó wọ́pọ̀ láàrin àwọn tí ń gun alùpùpù ní àwọn ìlú olókè ni pé wọ́n á fi sí òfìfo kí wọ́n má baà jẹ epo, wọ́n á sì fi bíréèkì nìkan mú un. Agbada yóò gbóná títí, ṣúù kò ní lè dì í mú mọ́, ọwọ́ yóò sì fà á dé òpin lásán. Epo tí a rí nínú òfìfo kò tó ra búrẹ́dì kan.

Kí olùkọ́ dán bíréèkì rẹ̀ wò lórí pápá ilé ẹ̀kọ́ nígbà tí kò sí ọmọ níbẹ̀, láti orí kílómítà 30, lẹ́yìn náà láti orí 40, ní ìgbà púpọ̀, títí yóò fi mọ ibi tí òun yóò dúró sí kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Nígbà náà ni kí ó tó ronú Ẹ̀fọ̀n.

Ó ku ọ̀ràn ìwé. Nọ́ńbà férémù àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ni ó wà lórí ìwé ọkọ̀ ní Nàìjíríà. Bí ọlọ́pàá bá dá ènìyàn dúró, tí nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì kò sì bá ti inú ìwé mu, kò sí bí olúwarẹ̀ ti lè fi ẹnu lásán sọ pé òun kò jí i. Rìsíìtì ni yóò gbà á là, nítorí náà kí ó mú rìsíìtì, ìwé ọkọ̀ àti alùpùpù náà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tí ń fún ni ní ìwé ọkọ̀, kí wọ́n kọ nọ́ńbà titun sílẹ̀, kí ó tó máa gùn ún lọ sí ibi jíjìn. Bí ó bá ti san owó ìdójútòfò, kí ó sọ fún ilé iṣẹ́ náà pẹ̀lú. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Gẹ̀ẹ́sì gbọdọ̀ ṣe bákan náà: DVLA ni wọ́n ń kọ̀wé sí kí a lè tún ìwé V5C ṣe. Níbẹ̀, ọmọ ọdún 16 kò gbọdọ̀ gun ju 50 c.c. lọ, ó sì di ọdún 17 kí ó tó lè gun 125. Bí ọmọ ọdún 16 bá fi ẹ́ńjìnnì 110 sínú C50 rẹ̀, kò ní ìwé ìwakọ̀ tí ó bá a mu, ìdójútòfò rẹ̀ sì lè di asán pẹ̀lú.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti tò, kí a wo ọ́ìlì. Àwọn ẹ́ńjìnnì yìí sábà máa ń gba díẹ̀ dín ní lítà kan, ọ́ìlì alùpùpù sì ni, kì í ṣe ti mọ́tò, nítorí inú ọ́ìlì yìí kan náà ni kúlọ́ọ̀ṣì ń wẹ̀, àwọn ọ́ìlì mọ́tò kan sì wà tí yóò mú un yọ̀. Nínú ìrìn àkọ́kọ́, kí a má ṣí epo tán, kí a má sì jẹ́ kí ó dúró lórí eré kan ṣoṣo fún ìgbà pípẹ́. Kí a yí ọ́ìlì náà dànù kí ó tó pé kílómítà 500. Kò yẹ kí ẹ̀rù ba ẹnikẹ́ni bí ó bá rí i pé ó ń dán fún egé irin kéékèèké, bí ẹ̀rọ titun ti í ṣe nìyẹn. Lẹ́yìn ìrìn gígùn kan, kí a tú púlọ́ọ̀gì wò. Bí ẹnu rẹ̀ bá rí bí àwọ̀ igi gbígbẹ, ó dára. Bí ó bá dúdú bí èédú, epo pọ̀ jù. Bí ó bá funfun, epo kéré, kí a má sì tún gùn ún títí a ó fi tún kábúrétọ̀ ṣe.

Ní ti ẹ́ńjìnnì àtijọ́, kí a má tà á fún àwọn oníjẹgúdújẹrá tí ń ra irin kiri. Kí a da ọ́ìlì ṣíbí méjì sí ihò púlọ́ọ̀gì rẹ̀, kí a tẹ ìṣáná rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí ọ́ìlì lè yí inú sílíńdà ká, kí a dá púlọ́ọ̀gì padà, kí a fi àpò ọ̀rá dì í, kí a sì gbé e ka orí pákó níbi tí òjò kò ní dé. Kí a kọ nọ́ńbà rẹ̀ sórí bébà kan, kí a so bébà náà mọ́ ọn, kí a sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú ìwé ọkọ̀.